Gìtá Ọlọ́wọ́ Òsì

Obìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tí kò kọrin rí, tí àwòrán rẹ̀ kò sì sí lára pátákó ìpolówó kankan. Àǹtí Okùn là ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa pààrọ̀ okùn gìtá, kó sì yí ohùn rẹ̀ títí yóò fi dọ́gba. Èmi ni mo ń tọ́jú ẹ̀rọ ohùn, etí ni mo fi ń jẹun, mo sì mọ ẹni tó mọṣẹ́. Àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ fún wa kò mọ̀ ọ́n rárá, ọ̀rọ̀ yẹn sì máa ń bí mi nínú.

Àbúrò rẹ̀ ló fà á wọ iṣẹ́ náà. Ọmọkùnrin yẹn ló dá ẹgbẹ́ wa sílẹ̀, ọwọ́ òsì ló sì fi ń ta gìtá. Nígbà tó wà ní kékeré, ojú rẹ̀ rí màbo lọ́wọ́ ìyá wọn nítorí ọwọ́ yìí. Bó fi òsì mú ṣíbí, pàṣán. Bó fi òsì kọ̀wé, pàṣán. "Ṣé ọwọ́ òsì lo máa fi júwe ilé bàbá rẹ ni?" Ọmọ náà á ní, "Màámi, wọ́n á ṣáà délé náà." Kò yí ọwọ́ padà, ṣùgbọ́n pàṣán fi nǹkan sílẹ̀ sí i lára. Nínú orin tí a fi ń ṣí eré, ó máa ń dúró díẹ̀ kó tó ta ohùn kẹta, bí ẹni tó ń retí kí nǹkan balẹ̀ sí òun lọ́wọ́. Àwọn olólùfẹ́ wa rò pé ọgbọ́n orin ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ̀ pé pàṣán ni, òun ló sì sọ fún mi.

Gìtá pupa kan ni àbúrò náà ní. Ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni wọ́n ṣe é fún, Àǹtí Okùn ló yí eegun kékeré tí okùn ń gbà kọjá lọ́rùn rẹ̀ padà, tó sì to okùn rẹ̀ sódì. Bó bá ti so ó tán, òun fúnra rẹ̀ á gbé e kọ́rùn, á fi ọwọ́ òsì ta ìbẹ̀rẹ̀ orin náà dán an wò. Bẹ́ẹ̀, ọ̀tún ni obìnrin yìí fi ń ṣe gbogbo nǹkan tó kù láyé.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pè wá pé ká wá kọrin láti ìlú dé ìlú nílẹ̀ òkèèrè, àbúrò náà jó títí bàtà rẹ̀ fi já. Kò bá wa lọ. Àìsàn tó mú un kò jẹ́ ká tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Kí físà wa tó jáde, a ti sin ín.

Akọrin wa, tí í ṣe olórí ẹgbẹ́, wá ọmọkùnrin mìíràn, a sì sọ ọ́ ní Ọmọ Tuntun. Ó mọ gìtá, ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń ta á, ó sì níwà. Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo tó ní ni pé kì í ṣe ẹni tó lọ. Àǹtí Okùn ń bá a tọ́jú gìtá tirẹ̀ láìwo ojú rẹ̀. Ní ti gìtá pupa, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Okùn tí àbúrò rẹ̀ ta gbẹ̀yìn ṣì wà lára rẹ̀, ó ti ń dípẹtà. Ó gbé e sórí itan nínú ọkọ̀ òfurufú, ó ní òun fẹ́ kó débi tí ẹni tó ni ín ń fẹ́ dé.

A dé ìlú àkọ́kọ́, gbogbo ẹrù dé, àfi gìtá Ọmọ Tuntun. Àwọn tó pè wá ní àwọn ń wá òmíràn bọ̀. Wọ́n wá a títí èrò fi ń wọ gbọ̀ngàn. Nínú yàrá ẹ̀yìn ìtàgé, gbogbo wa ń wo àpótí gìtá pupa. Akọrin ló kúnlẹ̀ níkẹyìn.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Mo mọ ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún."

"O ò mọ̀ ọ́n."

"Mi ò mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ẹ jọ̀ọ́."

Ọmọ Tuntun ní, "Tí ẹ ò bá fẹ́ kí n fọwọ́ kàn án, Àǹtí, màá jókòó."

Ó wo ojú ọmọ náà fún ìgbà àkọ́kọ́. "Jókòó ṣe kí ni? Ṣé ìjókòó la bá wá síbí?"

Ó mú ẹ̀mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé okùn wọ̀nyẹn. Bí ọ̀kan bá ti já, á di ojú. Èmi kò lè gbọ́ ọ, mo jáde lọ sídìí ẹ̀rọ mi. Wọ́n ti ń pe ẹgbẹ́ wa kó tó parí, ẹnu ọ̀nà ìtàgé ló ti fi gìtá lé Ọmọ Tuntun lọ́wọ́.

Ọmọ náà ta á. Ohun tó jáde kì í ṣe orin, àfi bí ìgbà tí ìkòkò bá já bọ́ láti orí pẹpẹ. Ó wolẹ̀, ó wo okùn, ó wo ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni ó ti yé mi. Gẹ́gẹ́ bí Àǹtí Okùn ṣe ń so ó fún àbúrò rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá náà ló tún ṣe so ó. Orí rẹ̀ ti sin àbúrò rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò lọ síbi ìsìnkú.

Àǹtí Okùn jáde síta pẹ̀lú ṣòkòtò iṣẹ́, ẹ̀mú ń yọjú lápò rẹ̀. Ó gba gìtá, ó gbé e kọ́rùn sódì, ó fi ọwọ́ òsì ta ohùn àkọ́kọ́. Ó ta èkejì. Ó sì dúró.

Onílù wa gbé ọ̀pá sókè, kò lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo mọ ìdúró yẹn bí mo ṣe mọ ohùn ìyàwó mi. Lẹ́yìn náà ni ohùn kẹta wọlé. Ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ló mọ̀, ìbẹ̀rẹ̀ náà ló ń ta léraléra títí akọrin fi kọrin lé e lórí dé òpin. Àwọn èrò hó yèè. Kí orin kejì tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti rí gìtá yá fún Ọmọ Tuntun, Àǹtí Okùn sì ti wọlé lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, gìtá Ọmọ Tuntun dé láti pápákọ̀. Mo sáré lọ sọ fún Àǹtí Okùn ní yàrá rẹ̀. Mo bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń tú okùn tuntun kúrò lára gìtá pupa.

"Gìtá ọmọ yẹn ti dé. Kí lo tún ń wá lára èyí?"

"Bọ̀ọ̀dá Ẹ̀rọ, ṣé ẹ gbọ́ ọ lánàá?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Èmi kọ́ ni mo dúró o. Láti ọjọ́ tí mo ti ń dán gìtá yìí wò, mi ò dúró níbẹ̀ rí. Lánàá, ọwọ́ mi kàn dúró fúnra rẹ̀. Mo sì ń retí pàṣán."

Mo bi í bóyá ẹ̀rù bà á.

"Ó dùn mọ́ mi ni. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Tí mo bá tún so ó bó ṣe wà, ojoojúmọ́ ni màá máa gbé e kọ́rùn lọ wá àbúrò mi, mi ò sì ní padà sílé mọ́."

Ó yí eegun ọrùn gìtá náà padà sí bí wọ́n ṣe ṣe é. Bó ti ń mú okùn kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ ọ́ jáde lẹ́nu pé, "Ọ̀tún. Ọ̀tún." Síbẹ̀ ọwọ́ òsì rẹ̀ tún fa okùn kan lọ síbi àtijọ́. Ó fi ọ̀tún gbá a lẹ́yìn, bí ìyá wọn ṣe máa ń ṣe. Ó wo ohun tó ṣe, ó sì bú sẹ́kún. Mo jókòó tì í títí ó fi so èyí tó gbẹ̀yìn.

Ní ìlú kejì, ó gbé gìtá pupa fún Ọmọ Tuntun.

"Àǹtí, tèmi ti dé o."

"Mo mọ̀. Gba èyí. Má bà á jẹ́."

Ó wá dúró tì mí nídìí ẹ̀rọ. Ọmọ Tuntun ta ohùn àkọ́kọ́, ó ta èkejì, ó ta ẹ̀kẹta, ó ń lọ geere. Àǹtí Okùn di apá mi mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára.

"Kò dúró," ó wí.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Kò dúró."

Ó ki ọwọ́ òsì rẹ̀ bọ àpò, ó sì gbọ́ orin náà dé òpin.