Pátákó tí Mo Kọ̀ Láti Nù

Mo rántí ìgbà tí mo ń dé fìlà ilé-iṣẹ́ módẹ́ẹ̀mù kiri Kakuri, ní Kaduna, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè. Fìlà náà láwọ̀ aró, agboorun tí wọ́n fún mi láwọ̀ aró, tábìlì tí mo ń pàtẹ ọjà lé náà láwọ̀ aró. Ẹnu géètì ilé-iṣẹ́ aṣọ kan tó ti kógbá sílé ni mo ń jókòó sí, géètì tí bàbá mi gbà wọlé ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó tì í pa. Mo máa ń sọ fún ara mi pé bí ẹ̀rọ ìhunṣọ bá kú, íńtánẹ́ẹ̀tì ni yóò gbé àdúgbò wa dìde, èmi ni màá sì gbé e wá. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà, ẹnu mi sì gùn ju ọgbọ́n mi lọ.

Módẹ́ẹ̀mù tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà la ń lò tẹ́lẹ̀. Ó ń rìn bí ìgbín, ṣùgbọ́n ó ń dé ibi tó ń lọ. Àfi bí ilé-iṣẹ́ tuntun kan ṣe gbé módẹ́ẹ̀mù 4G dé, àpótí kékeré tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọ̀gá tó ń fún wa lọ́jà, ọkùnrin kan tó wá láti Èkó, kó gbogbo àwa tí a ń tajà fún un jọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan láàárín ìgboro Kaduna, ó ní ká wá wo iṣẹ́ ìyanu. A tan àpótí náà, iná rẹ̀ mú àwọ̀ ewé, fídíò ṣí kí a tó ṣẹ́jú. A pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wá. A wá láti Kakuri, a wá láti Sabon Tasha, a wá láti Kabala Doki, kò sì sẹ́nìkan nínú wa tó béèrè bí yóò ṣe rí nígbà tí a bá gbé e délé.

Nígbà tí mo gbé e délé, iná pupa ló tàn, fídíò kankan kò sì ṣí. Mo ní ìrìn-àjò ló rẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo sì ń sọ fún àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ mi náà nìyẹn: "Ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú, kó mọ ilé." Ẹ ò rí nǹkan! Bí ẹni tó ra adìyẹ tuntun lọ́jà tó so ó mọ́lẹ̀. Ọ̀gá ti ṣètò pé ẹni tó bá mú módẹ́ẹ̀mù àtijọ́ wá yóò gba tuntun ní ẹ̀dínwó, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mọ́tò rẹ̀ sì ń kó àwọn àtijọ́ lọ.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo rọ̀ títí tó fi pààrọ̀ tirẹ̀ ni ìyá oníkọ̀ǹpútà. Òun àti bàbá mi jọ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aṣọ yẹn. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́, ó ra kọ̀ǹpútà kan, ó ń bá àwọn ọmọ tó fẹ́ wọ yunifásítì forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Ọjọ́ kẹrin tó gba tuntun, ó padà wá. Kò pariwo. Ó gbé àpótí náà sórí tábìlì mi, ó ní, "Ọmọ mi, ó ti sùn mọ́jú lẹ́ẹ̀mẹta. Kò tíì jí o. Ọmọ mọ́kànlá ló wà lọ́wọ́ mi, Sátidé ni wọ́n máa ti ìforúkọsílẹ̀."

Awakọ̀ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tó máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti ra ọ̀kan fún àbúrò rẹ̀. Ó yọjú, ó ní, "Haba, 'yar uwa! Babu network fa!" Ó ń pè mí ní arábìnrin rẹ̀, ó ní kò sí nẹ́tíwọ̀kì rárá. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Mo wọ mọ́tò lọ bá ọ̀gá, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dá módẹ́ẹ̀mù àtijọ́ ìyá náà padà. Ó ní módẹ́ẹ̀mù àtijọ́ ti lọ sí Èkó, kí n sọ fún ìyá náà pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni nẹ́tíwọ̀kì máa dé. Mo ní, "Ọ̀gá, ọ̀sẹ̀ wo?" Ó rẹ́rìn-ín. "Àbúrò, òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Lọ tajà rẹ."

Bí mo ṣe ń padà bọ̀, ara mi gan-an ni mò ń bínú sí jù. Módẹ́ẹ̀mù àtijọ́ tèmi wà nínú báàgì mi! Èmi tí mò ń pariwo kí gbogbo ayé pààrọ̀, n kò pààrọ̀ tèmi. Mo gbé e lọ fún ìyá oníkọ̀ǹpútà. Ó wò ó, ó wo ojú mi, ó ní, "Ìwọ ò wá pààrọ̀ tìẹ." Ó ki módẹ́ẹ̀mù náà bọ kọ̀ǹpútà, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Pẹ̀lú ìrìn ìgbín náà, orúkọ àwọn ọmọ mọ́kànlá ti wọlé kí ọjọ́ Sátidé tó pé.

Nígbà náà ni mo ra ṣọ́ọ̀kì, mo wá pátákó dúdú kan, mo kọ ọ́ ní Yorùbá, ní Hausa àti ní Gẹ̀ẹ́sì: 4G KÒ TÍÌ DÉ KAKURI. Ẹ MÁ PÀÀRỌ̀ MÓDẸ́Ẹ̀MÙ YÍN. Abẹ́ agboorun wọn gan-an ni mo gbé e kọ́ sí.

Ọ̀gá kò pẹ́ dé, òun àti ọkùnrin méjì. "Nu nǹkan yìí!"

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ tan àpótí tiyín níbí. Bí iná rẹ̀ bá mú àwọ̀ ewé, màá nù ú lójú yín."

Àwọn èèyàn ti pé jọ. Ó tan án. Pupa. Ó sún mọ́ géètì, ó na ọwọ́ sókè. Pupa. Awakọ̀ kẹ̀kẹ́ pariwo ní Hausa pé kí ọ̀gá jẹ́ kó sùn mọ́jú, kó mọ ilé, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín. Ni ọ̀gá bá ká agboorun, ó kó tábìlì, ó kó ọjà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí fìlà lórí mi. N kò bẹ̀ ẹ́. Pátákó nìkan ló kù, mo jókòó tì í nínú oòrùn.

Ìyá mi sunkún. Ó ní ẹni tó wà lájò kì í bá ẹni tó ń fún un lóúnjẹ jà. Mo ní, "Ìyá mi, ta ló wà lájò? Kakuri ni ẹ bí mi sí." Lọ́jọ́ kejì mo gbé àpótí ìjókòó wá látilé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún fóònù ṣe.

Nẹ́tíwọ̀kì náà dé nígbẹ̀yìn, lẹ́yìn bí ọdún mélòó kan. Ìyá oníkọ̀ǹpútà ló ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá wo iná aláwọ̀ ewé. Ọjọ́ náà ni mo fi etí aṣọ mi nu pátákó náà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ fún mi.

Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù báyìí, ní ẹnu géètì yẹn kan náà. Lóṣù tó kọjá, àwọn kan dé fìlà tuntun wá, wọ́n ní kí n gbé àmì 5G kọ́. Mo ní kí wọ́n tan fóònù wọn. Wọ́n tan án, 5G kò hàn, wọ́n wo ara wọn, èyí àgbà nínú wọn ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa dé. Mo dìde, mo mú pátákó jáde lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo wá ṣọ́ọ̀kì. Ọ̀gá àná kò parọ́ o, òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ṣùgbọ́n kò bàjẹ́ láti ọjọ́ yìí wá, mo sì ń tà á.