Ìbò Tí A Dì Lórí Ṣakabùlà ní Barking

Ọdún kejì lẹ́yìn tí àrùn kòrónà gbà wá láyè láti tún máa rí ara wa lójúkojú ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ gbà pé títẹ fóònù nìkan ni ìjà-fẹ́tọ̀ọ́, ẹ gbé e sílẹ̀ díẹ̀, ẹ gbọ́. Mo ti ṣáájú ìyanṣẹ́lódì rí ní ilé ìkẹ́rù kan ní River Road, ní Barking, ní London níbí. Òjò pa wá fún ọjọ́ mẹ́rin, a sì borí. Síbẹ̀, ìbò tó le jù tí mo dì láyé mi, lórí ìbọn ni, nínú gbọ̀ngàn kékeré kan lẹ́yìn ọjà East Street, níbi tí kò sí ẹran ìgbẹ́ kankan àfi ẹyẹlé.

Ìjọba ìpínlẹ̀ wa nílé ló gbé àbá òfin ọdẹ kan jáde. Wọ́n ní nínú oṣù àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ṣí igbó fún ọdẹ, ṣakabùlà ìbílẹ̀ nìkan ni ẹnikẹ́ni lè gbé wọ̀ ọ́. Ẹ mọ ṣakabùlà: alágbẹ̀dẹ ló ń rọ ọ́, ẹnu rẹ̀ lẹ ó ti da ẹ̀tù àti ọta sí i, ẹ ó fi ọ̀pá kì í, ẹ ó yìn ín lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tuntun tí ilé iṣẹ́ ń ṣe náà, ẹnu la ti ń kì í, àmọ́ irin rẹ̀ nípọn, wọ́n ti dán an wò, wọ́n sì lè de awò mọ́ ọn tí ọdẹ fi ń rí ẹran lókèèrè. Òfin náà fẹ́ kà á léèwọ̀. Àwọn ọdẹ ìlú wa pín sí méjì géérégé. Wọ́n wá ní kí àwa ọmọ ọdẹ tó wà ní Barking dìbò sí i, kí lẹ́tà kan ṣoṣo lè lọ bá ìjọba.

Bàbá Ọdẹ́wálé, alága ẹgbẹ́ wa, wà lẹ́yìn ṣakabùlà. "Tí ìbọn aláwò bá wọ igbó," ó ní, "àwọn olówó ìlú ńlá á ti pa àgbọ̀nrín tán kí tálákà tó kì ìbọn tiẹ̀ tán."

Àǹtí Ṣadé, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Eastbury, dìde. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Ṣakabùlà bẹ́ mọ́ bàbá mi lọ́wọ́, ìka mẹ́ta ló mú lọ. Páìpù omi ni wọ́n fi ṣe é! Irú rẹ̀ ni Lékè àbúrò mi ń gbé kiri báyìí. Tí òfin yìí bá kọjá, kò ní lè fi tuntun pààrọ̀ rẹ̀ lóṣù àkọ́kọ́ yẹn."

"Kó máa rọra kì í!" ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn.

"Ìwọ tí o kò lè rọra wakọ̀ kọjá níwájú kámẹ́rà ojú títì?" Àǹtí bi í.

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Nínú ẹgbẹ́ wa, ńṣe là ń tò sẹ́yìn ẹni tí a bá fẹ́. Bàbá dúró lápá ọ̀tún, Àǹtí lápá òsì. Bàbá yìí ló sọ àwọn ọmọ ìdajì nínú wa lórúkọ. Ta ni yóò kẹ̀yìn sí i? Ìlà rẹ̀ gùn dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ọkọ Àǹtí nìkan ló wà lẹ́yìn Àǹtí. Èmi akọni River Road ńkọ́? Mo wà lẹ́yìn Bàbá, mo ń wo bàtà mi, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ Lékè ni ọkàn mi wà pátápátá.

Bàbá bojú wẹ̀yìn, ó rí mi. "Kọ́mírédì, ìwọ náà?"

"Ẹ̀yin ni bàbá wa, sà."

"Ṣé mo ní n kì í ṣe bàbá yín ni? Ìbò ni mo ní kí ẹ dì, ẹ wá ń kí mi! Ẹ padà lọ jókòó, gbogbo yín."

A jókòó. Kò sí ẹni tó mú ìwé tàbí àpótí ìbò wá. Ìtìjú ló jẹ́ kí n tètè ronú. Mo ní kí a ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì: kí gbogbo wa tẹrí ba, kí a dijú, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣakabùlà nìkan nawọ́, lẹ́yìn náà kí ẹni tó bá fẹ́ tuntun náà nawọ́. A pe ọkùnrin ará Bangladesh tó ń ṣọ́ gbọ̀ngàn náà pé kó wá bá wa kà á. Nígbà tó rí i pé a dijú, ó rò pé àdúrà ti bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ yọ́ jáde. Ọpẹ́lọpẹ́ Àǹtí tó fà á lápá.

"Ẹni tó bá yọjú wò," Bàbá ní, "òun ni yóò fọ gbogbo abọ́ òní."

Ìbọn tuntun fi ìbò mẹ́rin borí. Àǹtí bú sẹ́kún. Bàbá ní kí wọ́n fún òun ní bírò, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà náà. "Ṣadé, jẹ́ kí n fi kún un pé wọn kò gbọ́dọ̀ de awò mọ́ ọn."

"Ẹ fi kún un, Bàbá. Ojú Lékè ríran dáadáa. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ dá sí."

Ìjọba gbà á bẹ́ẹ̀: kò sí awò, ṣùgbọ́n gbogbo ìbọn tí a ń ti ẹnu kì, àtijọ́ àti tuntun, wọ́n gbọ́dọ̀ dán an wò, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, kó tó lè wọ igbó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ìbọn tuntun Lékè. Àwọn ọdẹ kan ṣì wà tí wọ́n ń rin ìrìn ọjọ́ kan lọ sí olú-ìlú ìpínlẹ̀ nítorí òǹtẹ̀ yìí, lẹ́tà ìyẹn la sì ń kọ lọ́wọ́. Ohun tí n kò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni ti àwọn alágbẹ̀dẹ méjì ní ìlú wa, tí ìbọn wọn kò yege. Wọn kò bú wa. Wọ́n ní kí ìjọba rán ẹnìkan wá tí yóò kọ́ àwọn bí a ṣe ń fi irin tó yẹ rọ ìbọn. Ìjọba ti ṣèlérí. Wọ́n ti gbá iwájú ilé arọ wọn mọ́, wọ́n ń retí olùkọ́.