Ẹni Tí Yóò Jókòó sí Àga Bàbá Fálọ́dún

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ ní Abẹ́òkúta nígbà tí ọkọ mi gbé báàgì mi síwájú, tó ń fi tọ́ọ̀ṣì tanná sí àárín àwọn òkúta ẹnu ọ̀nà wa kí n má baà fẹsẹ̀ kọ. Àsìkò tí epo bẹntiróòlù ṣọ̀wọ́n ni, tí mọ́tò ń sùn sí ilé epo bí ẹran inú agbo. Ẹni tí ìrìn rẹ̀ bá jìn gbọ́dọ̀ tètè dé gáréèjì, kí ọkọ̀ tó lépo tó kún. Mo rí Píjò kan tó ń lọ sí Ìbàdàn, mo sì há ara mi sẹ́yìn láàárín obìnrin kan tó gbé láfún lé ẹsẹ̀ àti ọkùnrin kan tó ti ń hanrun.

Adó-Èkìtì ni mò ń lọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe olùdarí ẹgbẹ́ wa ni. Ẹgbẹ́ kékeré ni, kì í ṣe ti ìjọba, kò sì sí ẹni tó ń jẹ èrè nínú rẹ̀. Ohun tí àwọn olóore bá fún wa la fi ń ti àwọn agbẹ́gilére, àwọn aláró àti àwọn amọ̀kòkò lẹ́yìn. Òun la fi ń ṣọ́ igbó àti ìsun omi tí àwọn baba wa fi sílẹ̀. Òun náà la fi ń pe àwọn ẹ̀yà tó jọ ń gbé ìlú kan jókòó, kí wọ́n lè gbọ́ ara wọn yé. Ẹ̀ka Èkìtì ló lágbára jù. Bàbá Fálọ́dún ló dá a sílẹ̀, ẹni tó kọ́ mi ní àwòrán yíyà nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Adó. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá òsì rẹ̀, ó wá ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá, kí ẹlòmíràn gba àga lọ́wọ́ òun.

Mo ti mọ ẹni tí mo fẹ́ kó gbà á. Ọ̀gbẹ́ni Ògúnléyẹ ni, igbákejì Bàbá, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, ọmọ bíbí Adó. Mo rò pé n óò kàn débẹ̀, n óò sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọn óò pàtẹ́wọ́, n óò sì padà sílé.

Ní Ìbàdàn mo bọ́ sínú ọkọ̀ mìíràn. Ọ̀ọ́dúnrún náírà ni awakọ̀ gbà lọ́wọ́ mi, owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì iye tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Ó rí i pé ojú mi kò dùn sí i.

"Ẹ má bínú, Mọ̀mí," ló wí. "Inú kẹ́ẹ̀gì ni mo ti ra epo yìí, lẹ́yìn ilé ẹni ẹlẹ́ni."

Ọ̀nà dára títí a fi kọjá Ifẹ̀. Láti Iléṣà ni kòtò ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ojú títì. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi Ìwàràjà sẹ́yìn, tí ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ bí ejò gun òkè Ẹ̀fọ̀n, mo gbàgbé kòtò. Kùrukùru ṣì bo orí àwọn òkè náà. Abẹ́òkúta ní òkúta, a sì ń fi Olúmọ yangàn, ṣùgbọ́n ní tiwa, àárín ilé ni òkúta wà; ní Èkìtì, àárín òkè ni ilé wà. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo gba ibẹ̀ kọjá, ọmọdébìnrin ni mí, àpótí páànù mi wà lórí bọ́ọ̀sì onípákó, mo sì sunkún láti Ẹ̀fọ̀n dé Àrámọkọ nítorí mo rò pé ìyá mi ti gbé mi jù sí ìpẹ̀kun ayé. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, omi tún bọ́ lójú mi, kò sì sí ìbẹ̀rù kankan níbẹ̀.

"Mọ̀mí, ṣé òkè ń dẹ́rù bà yín ni?" awakọ̀ béèrè láti inú dígí rẹ̀.

"Rárá o. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i ni."

"Ẹ ó tún rí i tẹ́ ẹ bá ń padà. Kò ní lọ síbì kankan."

A gba Àrámọkọ, a gba Ìgèdè àti Ìyìn, oòrùn sì ti ń rọlẹ̀ nígbà tí a wọ Adó. Ìlú tí mo mọ̀ ti di olú-ìlú ìpínlẹ̀. Wọ́n ti kan pátákó iléeṣẹ́ ìjọba mọ́ ilé tí a ti máa ń sá kòkó tẹ́lẹ̀, ọ̀dà tuntun ń rùn lára ògiri àtijọ́, gbogbo ẹni tó sì ní yàrá kan ti sọ ọ́ di góòlù fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wá ibùgbé. Láyé ìgbà tiwa, ẹsẹ̀ la fi ń rìn láti Òkè-Ìlá lọ sọ́jà, a ó máa kí gbogbo ojúlé lójú ọ̀nà, ẹni tí kò bá kí ènìyàn á gbọ́ ọ nílé. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀kadà ló gbé mi, kò sì jẹ́ kí n kí ẹnì kankan.

Ṣùgbọ́n Màmá Fálọ́dún, ìyàwó Bàbá, kò yí padà. Ó ti dìde lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn kí n tó sọ̀ kalẹ̀.

"Rónkẹ́! Ọmọ Ẹ̀gbá! Wọ ulé, wọ ulé!"

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níbẹ̀ nìyẹn: ilé ni ulé, iṣu ni usu, ìkòkò ni ukòkò. Àwa ọmọ Ẹ̀gbá a máa fi wọ́n ṣẹ̀sín nílé ẹ̀kọ́, títí a fi lọ sílé fún ìsinmi tó bọ́ lẹ́nu àwa náà, tí àwọn ìyá wa sì fi wá ṣẹ̀sín.

Bàbá jókòó sínú àga igi apá tó fúnra rẹ̀ gbẹ́, èyí tó ń jókòó sí darí ìpàdé láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Apá òsì rẹ̀ dùbúlẹ̀ lé itan bí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Mo kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún dì mí mú, kò sì tètè fi mí sílẹ̀. Láìpẹ́, odó bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní ẹ̀yìnkùlé, ti ilé kejì dá a lóhùn, ti ilé kẹta náà sì tẹ̀ lé e. Nílé wa, a lè ṣe ọ̀sẹ̀ kan láìgún iyán; ní Èkìtì, ọjọ́ tí wọn kò bá gún un, wọn á ní àwọn kò tíì jẹun. Màmá gbé ẹ̀fọ́ rírò pẹ̀lú ẹja gbígbẹ wá.

"Ẹran ìgbẹ́ wà," ló wí, "àmọ́ Bàbá rẹ ní o ti di ọ̀gá àwọn tó ń dáàbò bo ẹranko, kí n má dójú ti òun."

Àwọn méjì dé bá wa nídìí oúnjẹ. Ọ̀gbẹ́ni Ògúnléyẹ ni ọ̀kan, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ tó gún régé. Èkejì ni Asímáwù, obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọnà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìgèdè. Ẹ̀bìrà ni àwọn òbí rẹ̀, àwọn tí ará Èkìtì ń pè ní Ìgbìrà. Baba rẹ̀ wá ro oko fún àwọn ènìyàn ní Ìgèdè, ibẹ̀ ni wọ́n bí Asímáwù sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin baba rẹ̀ sí. Ní báyìí, ìdajì ẹgbẹ́ ló fẹ́ kí ó gba àga Bàbá. N kò gbọ́ èyí rí ní Abẹ́òkúta.

"Màdáámù, ẹ má ṣì mí gbọ́," Ògúnléyẹ wí. "Èmi àti Asímáwù ò jà. Àmọ́ tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá délẹ̀, ta ló máa lọ bá àwọn ìjòyè? Àlejò?"

Asímáwù gbé ojú sókè. "Ọ̀gá, àlejò tí kò níbi tó máa padà sí ńkọ́?"

Ó tún ní, "N ò du àga o. Bàbá mọ̀."

Bàbá kàn ní kí kálukú máa lọ sinmi, pé lọ́la a ó pàdé ní Ìgèdè.

A kò tíì gbéra lọ sí ìpàdé náà nígbà tí ọlọ́kadà kan já wọ agbo ilé Bàbá ní òwúrọ̀. Láti Ìjàn ló ti ń bọ̀. Ó ní àwọn agégẹdú ti wọ igbó tó yí ìsun omi ká, igbó tí ẹgbẹ́ wa àti àwọn àgbà Ìjàn ti jọ fẹnu kò lé lórí pé àáké kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ mọ́, àti pé àwọn ọ̀dọ́ ìlú ti yọ àdá. Bàbá kò lè lọ. Ògúnléyẹ àti Asímáwù, tí wọ́n wá mú mi lọ sí ìpàdé, wà níbẹ̀; àwa mẹ́ta bọ́ sínú ọkọ̀ Ògúnléyẹ, mọ́tò kékeré tí wọ́n ń pè ní ìjàpá, a sì kọrí sí ìlà oòrùn.

A gbọ́ ariwo kí a tó rí wọn. Ìrókò kan ti dùbúlẹ̀ lójú omi, ewé rẹ̀ ṣì tutù. Àwọn tó gé e kóra jọ sídìí rẹ̀ pẹ̀lú ayùn ẹlẹ́ńjìnnì, àwọn ọ̀dọ́ Ìjàn sì ti pagbo yí wọn ká.

"Ìgbìrà! Ẹ padà síbi tẹ́ ẹ ti wá!"

Ògúnléyẹ di ọwọ́ ọkọ̀ mú. "Ẹ jẹ́ ká lọ pe ọlọ́pàá," ló wí. Èmi náà ní bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ. Kí a tó sọ̀rọ̀ tán, ilẹ̀kùn ti ṣí, Asímáwù sì ti ń lọ.

Ó dúró sáàárín àwọn méjèèjì. Ó kọ́kọ́ fi èdè Ẹ̀bìrà kí àwọn agégẹdú, wọ́n sì yíjú sí i bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní ìlú òkèèrè. Ó wá kọjú sí àwọn ọ̀dọ́, ó sọ èdè Èkìtì tó gbóná lẹ́nu rẹ̀.

"Ìgbìrà lèmi náà. Ṣé kí n máa lọ ni?"

Ọ̀kan nínú wọn rẹ àdá sílẹ̀. "Àǹtí, kì í ṣe ẹ̀yin là ń bá wí."

"Ta wá lẹ̀ ń bá wí? Oníṣòwò pákó tó rán wọn ò sí níbí. Ṣé ìránṣẹ́ lẹ fẹ́ ṣá pa?"

Ọkùnrin tó dàgbà jù nínú àwọn agégẹdú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, Asímáwù sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹni tó gbé iṣẹ́ fún wọn ti sọ pé àwọn àgbà ìlú ti fọwọ́ sí i. Ká ní wọ́n mọ̀ ni, wọn kò ní wọ igbó náà. Nílé tiwọn náà, omi wà tí wọn kì í gé igi rẹ̀. Ọkùnrin náà sọ èyí tán, ó sì gbé ayùn náà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ Asímáwù. Nígbà tí àwọn àgbà Ìjàn dé, wọ́n ní ayùn náà yóò wà lọ́dọ̀ àwọn títí oníṣòwò náà fúnra rẹ̀ yóò fi wá wí tẹnu rẹ̀, kí àwọn òṣìṣẹ́ máa lọ ní àlàáfíà. Àwọn ọ̀dọ́ túká, wọ́n sì ń kùn.

Ìgbà yẹn ni Asímáwù jókòó sórí igi tó ṣubú náà. Wọ́n bu omi fún un, ife náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, èmi ni mo dì í mú sí i lẹ́nu. Ó fọwọ́ pa èèpo ìrókò náà.

"A pẹ́ dé," ló wí.

Bí a ṣe ń padà, Ògúnléyẹ ń wa ọkọ̀ náà jẹ́jẹ́. Lójijì ó yà sẹ́bàá ọ̀nà.

"Màdáámù, ẹ rí i pé n ò sọ̀ kalẹ̀."

"Èmi náà ò sọ̀ kalẹ̀."

"Àjèjì lẹ̀yin. Èmi ni mo pe ara mi lọ́mọ onílẹ̀."

Asímáwù sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn: "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ gbé wa débẹ̀. Èmi ò mọ mọ́tò wà."

Asímáwù fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àwa méjèèjì sì tẹ̀ lé e.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí a jókòó ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ náà ní Ìgèdè. Wọ́n ti gbé Bàbá wá, wọ́n fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn. Mo ṣì ń wá ọ̀rọ̀ tí n óò fi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Ògúnléyẹ dìde. Ó ròyìn Ìjàn fún wọn, kò sì bo ti ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní, "Asímáwù ni mo fà kalẹ̀." Àgbàlagbà kan dìde, ó gbọn agbádá rẹ̀, ó sì jáde, kò padà wọlé mọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn tó kù ni mo rí lókè. Asímáwù ní òun yóò gbà á bí Ògúnléyẹ kò bá ní fi ipò igbákejì sílẹ̀. Ògúnléyẹ ní òun kò lọ síbì kan.

Gbogbo wa wo Bàbá. Mo rí i bó ṣe rí nígbà náà lọ́hùn-ún, níwájú pátákó dúdú, tí ẹfun kún apá rẹ̀, tó ń kígbe pé kí a wo nǹkan dáadáa kí a tó yà á. Ó nu ojú rẹ̀.

"Ó dáa," ló wí. "N óò lè sun oorun ọ̀sán wàyí."

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, Màmá di iṣu sínú àpò fún mi títí mo fi bẹ̀ ẹ́ pé ó tó. Ọ̀nà kan náà ni mo gbà padà, ojú mi kò sì kúrò lára àwọn òkè Ẹ̀fọ̀n títí wọ́n fi tán. Mo rò ó pé láti òkèèrè tí mo jókòó sí, mo mọ orúkọ gbogbo àwọn ará ẹ̀ka Èkìtì, mo mọ ìwé tí kálukú kà, mo sì ti yan olórí fún wọn kí n tó di ẹrù mi. Ẹni tó lè dúró sáàárín ìjà, wọn kì í kọ ọ́ sójú ẹnikẹ́ni. Àfi kí ènìyàn débẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo wọ Abẹ́òkúta. Àwọn bíi mélòó kan nínú ẹgbẹ́ ti ń dúró dè mí ní pálọ̀, ọkọ mi sì ti fún wọn ní omi mu. Mo sọ orúkọ olórí tuntun fún wọn. Wọ́n wo ara wọn.

"Asímáwù?" ọ̀kan béèrè. "Ọmọ ibo ni?"

Mo bọ́ bàtà mi. "Ọmọ Ìgèdè ni," mo wí.