Àlàfo Àárín Àpáta Méjì

Ọjọ́ tí ayé wa dàrú ní Làìbéríà, abọ́ tánganran ni mò ń tò síwájú ìsọ̀. Ìbọn dún lápá odò. Ọkọ mi ti lọ ra ọjà ní Èkó, èmi àti Àbẹ̀ní, ọmọ mi ọlọ́dún méje, nìkan la wà nílé. Mo di gààrí díẹ̀ sínú ìborùn, mo fà á lọ́wọ́, a bá èrò sá gba ọ̀nà bọ́dà.

Gààrí tán lọ́jọ́ kẹta. Wọ́n ní àwọn tó gbé ìbọn a máa pe orúkọ tí wọ́n bá gbọ́ lẹ́nu èrò, kí ẹni tó sá pamọ́ lè jáde. Mo kìlọ̀ fún ọmọ mi bí ìyá mi ṣe kìlọ̀ fún èmi náà.

“Ẹni tó bá pè ọ́ tí o ò rí ojú rẹ̀, má dá a lóhùn.”

“Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́, Màámi?”

“Kódà kó jẹ́ ohùn mi. Rí ojú mi ná.”

Ẹyin lọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí mo bí sí Torino ní Ítálì níbí, tí ẹ máa ń ní “Mamma, basta”, pé ó tó, kí n tó parí ọ̀rọ̀, Àbẹ̀ní kò rí bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹfà a dé òkè olókùúta. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Mo fi í pamọ́ sí àlàfo kan láàárín àpáta méjì, mo lọ wá omi. Ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún, mo dojú délẹ̀. Nígbà tí mo padà, gbogbo àpáta jọra. Mo pè é títí ohùn mi fi há.

Ọkùnrin kan nínú èrò wọ́ mi lápá. “Ìyá Àbẹ̀ní, wọ́n ti ń bọ̀! Tó bá wà láàyè, ṣé kò ní dáhùn ni?”

Mo gbà á gbọ́. Mo tẹ̀lé e.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, mo dé Ítálì, mo di badante, ẹni tó ń tọ́jú arúgbó, ní Nichelino lẹ́bàá Torino; mò ń tọ́jú ìyá àgbà kan, Signora Piera. Ojú rẹ̀ ti fọ́. Lọ́sọ̀ọ̀sán ló máa ń ní kí n sọ ohun tó wà nínú àwòrán ara ògiri rẹ̀ fún òun. Mo máa ń sọ òkè gàgàrà, yìnyín orí rẹ̀, odò tó ń já lu òkúta, igi tí afẹ́fẹ́ ti tẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó ní:

“Ihò dúdú tó wà nísàlẹ̀ ńkọ́? Mo ríran nígbà tí mo rà á. O kì í sọ ọ́ fún mi.”

Mo sunkún, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú.

“Kí ló dé tí kò fi dáhùn?”

“Signora, ó ń dúró kó rí ojú mi ni.”

 

Nígbà tí Signora kú, àwòrán yẹn nìkan ni mo tọrọ. Òun ló wà ní pálọ̀ wa yìí. Tí ẹ bá rí mi tí mo dúró síwájú rẹ̀ láràárọ̀, tí n kò wí nǹkan kan, ẹ má yọ mí lẹ́nu. N kì í pè é mọ́. Ojú mi ni mò ń fi hàn án.