Ọmọ tí Ara Rẹ̀ Le

Nígbà tí abẹ́rẹ́ tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ fi máa dé ọ̀dọ̀ wa ní Ogun Waterside, ìyàwó mi ti kú. Àrùn yẹn gan-an ló pa á. Ìjẹ̀bú-Igbó la sin ín sí. Lẹ́yìn náà mo padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Ibiade, níbi tí mo ti ń gún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Mo rò pé kò sí ohun tí ìyá ọlọ́mọ lè sọ tí n kò ní rí èsì fún.

Ọkọ̀ ojú omi la máa ń wọ̀ lọ sí Efire. Inú apótí tí a to yìnyín sí ni oògùn máa ń wà, nítorí bí ó bá gbóná, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, bí mo ṣe gbé e sọ̀kalẹ̀ ni obìnrin kan tó ń yan ẹja ké sí mi pé, "Bàbá oníyìnyín, eélòó?"

Mo ní abẹ́rẹ́ ni mo gbé wá.

"Ẹ gbé e padà o. Ẹja wa ò ṣàìsàn."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Àwọn ọmọbìnrin tí ọjọ́ orí wọn tó láti gbà á ti pé jọ síwájú ilé ìyá àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Kúdírá. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ la yàn, nítorí ohun tó bá ṣe ni àwọn yòókù máa ń ṣe. Mònsúrá, ọmọ-ọmọ rẹ̀, ló ṣíwájú. Ó ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè kí ìyá àgbà tó fà á sẹ́yìn.

"Kí ló ń ṣe ọmọ yìí?"

"Kò sí nǹkan tó ń ṣe é, ìyá."

"Ẹ̀yin náà mọ̀. Ta ló ń fún ẹni tí ara rẹ̀ le lóògùn? A ti gbọ́. Ẹ ò fẹ́ kí wọ́n bímọ ni."

Mo ṣàlàyé pé kòkòrò àìlèfojúrí kan ló ń fa àrùn náà, pé ó lè sá pamọ́ sínú ara fún ọ̀pọ̀ ọdún, àti pé ìgbà tí ọmọ kò tíì mọ ọkùnrin ló dára jù láti dínà mọ́ ọn. Mo ní ṣebí kí ọkọ̀ tó jò ni wọ́n ń fi ọ̀dà kùn ún.

"Ọmọ mi kì í ṣe ọkọ̀."

Àwọn ìyá kan ti ń fa ọmọ tiwọn lọ́wọ́ padà sílé. Ìyá Kúdírá wò mí dáadáa. "Ìyàwó tiyín ńkọ́? Ṣé ó gbà á?"

N kì í mú ọ̀rọ̀ ilé wá síbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti bi mí.

"Kò rí i gbà. Ó ti kú."

"Kí ló ṣe é?"

Mo sọ fún un. Ẹ̀jẹ̀ tó tún ń wá lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dúró, tí òun, tíṣà tó kàwé, pè ní ara àgbà. Ẹ̀yìn dídùn. Òórùn tí kò jẹ́ kí ó fẹ́ rí àlejò mọ́. Ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán jó àrùn náà, tí a ní láti lọ bá ní Ìbàdàn, tí a sì ń dúró kí ó tó kàn wá.

Ìyá Kúdírá ti jókòó. "Òórùn," ó ní. "Bẹ́ẹ̀ ló ṣe Kúdírá." Kúdírá tó ti kú ni ìyá tó bí Mònsúrá. "A ní ayé ló ṣe é. Àṣé ó ní orúkọ?"

"Ó ní orúkọ, ìyá."

"Bí Kúdírá náà bá ti gbà á ní kékeré ńkọ́?"

"Kò tíì dé nígbà náà."

"Àwa tí a ti dàgbà ńkọ́?"

"Ẹ wá sí Ibiade. Nọ́ọ̀sì obìnrin ni yóò wò yín. Bí a bá tètè rí i, a lè wò ó sàn."

"Bó bá ti pẹ́ ńkọ́?"

"Ìbàdàn náà ṣì ni."

Òun fúnra rẹ̀ ló ká apá aṣọ ọmọ náà sókè. "Ẹ gún un."

Mònsúrá sunkún díẹ̀. Ìyá àgbà kò ní kó dákẹ́. Àwọn tó ti ń lọ sílé bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀. Mo fi òwú tẹ ibi tí mo gún un. Kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, ṣùgbọ́n mo di apá náà mú títí ọmọ náà fi gbójú sókè pé, "Bàbá, ṣé kò tíì tán ni?"