Ọkọ Mi Omi-ń-bọ̀

Ẹ bá mi bi àwọn àgbà abúlé wa, lójú ọ̀nà Ẹdẹ sí Ara, kí ló kó sí wọn lórí tí wọ́n fi mú Kúlúsúmù, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, sígbìmọ̀. Òfin ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù ló ní ká ya àga kan sọ́tọ̀ fún obìnrin. A wo ọ̀tún, a wo òsì, a ní Kúlúsúmù ni, torí ìyàwó ilé kì í lanu níwájú ọkọ. Ọgbọ́n la pe ìyẹn o.

Ní tiwa, ọmọ tí wọ́n bí kí ìyàwó tó wọlé, ọkọ rẹ̀ ni. Ìyàwó ò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀, àfi kó sọ ọ́ lórúkọ mìíràn. A gbàgbé pé kò sẹ́ni tó ń bá ìyàwó yan orúkọ náà.

Kúlúsúmù ń wá sípàdé, ó ń kúnlẹ̀ kí wa, ó ń jókòó, a kì í bi í ní nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: ilé ìwòsàn wa ò ní omi. Bí aboyún bá ń rọbí, kẹ́ẹ̀gì omi ni ẹbí rẹ̀ ń rù tẹ̀ lé e. Oyún Mubarakah, ọmọ Kúlúsúmù, sì ti ń yọ. Alaaji Zakariyah, alága wa, ní omi ń bọ̀, ìgbìmọ̀ máa gbẹ́ kànga dẹ̀rọ. Ọdún tó kọjá ló ti ń sọ ọ́. Àṣé iwájú ilé tiẹ̀ ló fẹ́ gbẹ́ kànga dẹ̀rọ náà sí!

Kúlúsúmù gbọ́, kò bá a jà. Ó kúnlẹ̀ ni. "Ọkọ mi Omi-ń-bọ̀, ẹ kú ìjókòó."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, àfi ìgbà tó yíjú sí mi: "Ọkọ mi Ẹ-jẹ́-n-sùn-díẹ̀, ẹ kú ojú oorun." Lóòótọ́ ni mo máa ń tòògbé nípàdé, ṣùgbọ́n ṣé ó yẹ kó sọ ọ́ síta?

Kó tó di Jímọ̀, orúkọ ti wọ ìgboro. Àwọn ọlọ́kadà ń kí alága ní Baba Omi-ń-bọ̀. Wọ́n pè é bẹ́ẹ̀ níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ní Ẹdẹ, lójú àwọn àna. Ojú tì í, inú bí i, ó sáré pèpàdé: ká yọ Kúlúsúmù, ká fi obìnrin mìíràn rọ́pò rẹ̀.

"Ta ni ká fi síbẹ̀?" ni mo bi í. "Ìyàwó ilé wo ni ò ní orúkọ fún ọkọ lẹ́nu?"

A bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ wọn. Ìgbà tá a kan Hasanat, ìyàwó àbúrò alága, alága ní ó tó. Ẹnu Hasanat mú ju abẹ lọ.

Alága mí kanlẹ̀, ó wo Kúlúsúmù. "Ìyàwó, níbo lo fẹ́ kí omi yìí wà?"

Látọjọ́ tó ti ń jókòó láàárín wa, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tẹ́nì kan máa bi í ní ìbéèrè. Kò kúnlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó dìde, ó ní ká máa bọ̀, ó ṣáájú, gbogbo àwa ọkọ sì tò tẹ̀ lé e dé ẹ̀yìn ilé ìwòsàn.

Ibẹ̀ la gbẹ́ kànga náà sí. Omi rẹ̀ ni wọ́n fi wẹ ọmọ Mubarakah lọ́jọ́ tó dáyé. Ẹnikẹ́ni ò ru kẹ́ẹ̀gì.