Bí Mo Ṣe Fi Ọ̀sán Gangan Dẹ́rù Ba Ṣakẹ́tẹ

Ẹ̀rín ni wọ́n fi gba fíìmù àkọ́kọ́ tí mo ṣe, bẹ́ẹ̀ fíìmù ẹ̀rù ni mo pè é. Òkú kan jí nínú rẹ̀. Mo da aṣọ funfun bò ó, mo fi ẹfun kùn ún lójú, mo ní kó máa rìn gátagàta láàárín oko ọ̀pẹ ní Pọ́bẹ̀. Ọjọ́ tí a gbé e hàn ní gbọ̀ngàn àwọn ọ̀dọ́ ní Ṣakẹ́tẹ, ìyá kan dìde láàárín èrò, ó ní, "Ẹni tó ń ta búrẹ́dì ní ibùdókọ̀ Pọ́bẹ̀ mà nìyẹn." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tí mo délé, mo ti ilẹ̀kùn mọ́rí, mo sunkún.

Télọ̀ ni mí nígbà náà, télọ̀ ni mí títí dòní. Tẹlifíṣọ̀n kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi tí mo máa ń wo fíìmù ẹ̀rù lórí rẹ̀ bí mo ṣe ń tẹ maṣíìnì. Àwọn oníbàárà a máa bẹ̀ mí pé kí n pa á. Èmi ò mọ ìdí tí ohun tó ń lé ẹlòmíràn sá fi ń fà mí mọ́ra. Mo kàn mọ̀ pé bí àyà mi bá ti ń já, ara mi á yá.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló là mí lójú. Tákọ̀n ni ó ń gbé, iṣẹ́ epo pupa ló ń ṣe, Màmá Tákọ̀n ni gbogbo wa sì ń pè é. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ kí i, mo jókòó tì í, a jọ ń ṣa ẹyìn.

Ó ní, "Mo gbọ́ pé fíìmù rẹ pa wọ́n lẹ́rìn-ín."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Òkú kì í ba ará ibí lẹ́rù. Àwa tí a máa ń bá òkú wa sọ̀rọ̀. Ṣé kí n sọ ohun tó bà mí lẹ́rù jù láyé mi fún ọ?"

Mo ní kó sọ ọ́.

Ó ní nígbà tí òun ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, òun lọ kí àwọn òbí òun, àìsàn dá òun dúró síbẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Ọjọ́ tí òun padà sílé ọkọ, ọ̀sán gangan ni. Ìyá ọkọ òun, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, wo òun títí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, àlejò. Ẹ jókòó. Ìyàwó wa wà lẹ́yìnkùlé, ó ń gúnyán, yóò jáde sí yín."

"Ó bu omi fún mi," ni Màmá wí. "Mo gbá igbá mú, n ò lè mu ún. Mò ń gbọ́ ìró odó. Mò ń rò ó pé bí ìyàwó yẹn bá jáde, ta wá ni èmi?"

Ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ ló ń gúnyán, ó padà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti dúró lórí ẹyìn. Òtútù mú mi nínú oòrùn.

Orí bébà tí mo fi ń gé aṣọ ni mo kọ ìtàn náà sí. Mo gbé e lọ sí Àjàṣẹ́, sọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó máa ń ran àwọn tó ń ṣe fíìmù lọ́wọ́. Ó kà á tán, ó ní, "Faransé ni kí wọ́n máa sọ, kí ẹ sì yà á lóru. Ta ló ń bẹ̀rù ọ̀sán?" Mo dúpẹ́, mo ká bébà mi. Lórí alùpùpù nígbà tí mò ń padà bọ̀, ó kù díẹ̀ kí n gbà fún un. Mo wá gbìyànjú láti fi Faransé sọ ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yẹn sábẹ́ ẹnu. Kò ba èmi gan-an lẹ́rù.

Abúlé Yoko ni a ti yà á, nínú agbolé àwọn àgbẹ̀ kan tó fi tọkàntọkàn gbà wá. Ẹni tó gbé kámẹ́rà jẹ́ ọkùnrin ará Ṣakẹ́tẹ tó ń ya ìgbéyàwó àti ìsìnkú. Obìnrin oníbúrẹ́dì tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí ni mo ní kó ṣe ìyàwó tó padà sílé ọkọ. Màmá Tákọ̀n ṣe ìyá ọkọ. Mo ní kó ranjú, kó sì le koko mọ́ àlejò.

"Rárá," ló wí. "Ọmọlúàbí ni ìyá ọkọ mi. Ẹ̀rín ló rín sí mi. Ẹ̀rín yẹn gan-an ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ó bu omi. Nígbà tí mo ní ó tó, ẹni tó gbé kámẹ́rà kò mira. Ó ní, "Àbúrò, jẹ́ kí n kọ́kọ́ pe ìyàwó mi." Ó fi fóònù pè é lójú gbogbo wa, ó ní, "Èmi ni o. Ṣé o dá ohùn mi mọ̀?"

Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, a ti àwọn fèrèsé gbọ̀ngàn Ṣakẹ́tẹ pa. Ọ̀pọ̀ ló wá nítorí kí wọ́n lè tún rí mi fi ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n nígbà tí odó dákẹ́ nínú fíìmù, tí ìró ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, ọkùnrin gìrìwò kan níwájú mi di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. Fíìmù parí, ẹnikẹ́ni ò dìde. Àgbàlagbà kan láti Ita-Djèbou ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Ẹ tún un ṣe." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ṣe é kí oòrùn tó wọ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn èèyàn ń kí ara wọn lẹ́nu ọ̀nà pé "Ẹ káàbọ̀, àlejò", wọ́n á sì fi àwàdà ti ara wọn sẹ́yìn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pè wá sí ìdíje fíìmù kan ní Kútọnu, àwa la sì gba ipò kìíní. Ọ̀gá Àjàṣẹ́ yẹn wà níbẹ̀. Ó wá bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Mo jẹ̀bi, àǹtí. Ọ̀sán náà ṣiṣẹ́." Mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, kò sí ìkùnsínú kankan níkùn mi mọ́.

Wọ́n gbé makirofóònù fún Màmá Tákọ̀n, wọ́n bi í ní Faransé bóyá yóò tún ṣeré. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó fi èdè Ànàgó wa dá wọn lóhùn pé, "Bí wọ́n bá dúró kí n fún epo tán." Gbogbo gbọ̀ngàn dìde dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ó wá yíjú sí mi, ó béèrè bóyá wọ́n fẹ́ kí òun jókòó ni, àbí kí òun ṣì dúró. Mo ní, "Ẹ dúró, Màmá. Ẹ̀yin ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún."